Ìtì walnut tútù di abọ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ìdí ayùn dé ìdí òróró

Igi walnut dúdú, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Juglans nigra, ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe àwùsá tí ń fà gun igi mìíràn o. Igi ńlá tó ń dá dúró ni, ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá ni orísun rẹ̀. Ìtì tó wà lọ́wọ́ mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38 láti èèpo dé èèpo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e lulẹ̀ ni, omi ṣì ń sun lójú ibi tí ayùn gbà kọjá. Abọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ yọ nínú rẹ̀: ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, kékeré kan tí mo fẹ́ gbẹ́ parí lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó ṣì tutù, kí n sì jẹ́ kó wọ́ bó bá ṣe wù ú, àti ọ̀kan láti ibi tí ẹ̀ka méjì ti pín, torí ibẹ̀ ni ojú igi ti ń rẹwà jù.

Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí igi gbẹ kí n tó gbé e sórí lathe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí igi bìrìbìrì bí a ti ń fi irin gbẹ́ ẹ. Igi tó nípọn tó abọ́ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbẹ pákó a máa ṣírò ọdún kan fún ìnípọn sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, odindi ìtì sì burú ju pákó lọ. Kí inú rẹ̀ tó gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti sán káàkiri. Igi tútù rọ̀ lábẹ́ irin, kò ń ru eruku, ó sì ń yára gbẹ tí a bá ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbẹ́ irú abọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, nígbà tó tutù, a ó fi ara sílẹ̀ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó ti gbẹ tó sì ti wọ́ tán, a ó wá dá a padà sí róbótó. Igi yóò súnkì, kò sí irin tó lè ní kó má súnkì. Ohun tó kù sọ́wọ́ oníṣẹ́ ni kó ti mọ ìhà tí yóò gbà súnkì àti bí yóò ṣe pọ̀ tó, kó sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Lórí ilẹ̀

Abọ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ sí í sán lójú ẹ̀rọ. Orí ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìtì ṣì wà lódindi tí ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Ojú méjèèjì tí ayùn gé ni omi ń gbà jáde jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu àwọn fọ́nrán igi ti ṣí sílẹ̀. Omi ń gba ibẹ̀ jáde ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ibi tó kọ́kọ́ gbẹ á fẹ́ súnkì, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ṣì tutù kò ní gbà fún un, ni wọ́n á bá fa ara wọn ya.

Bí ìtì yìí ti dé ni mo yọ́ ìda, mo fi kun ojú rẹ̀ méjèèjì, mo gbé e lé orí igi méjì kó má bàa fara kan ilẹ̀, abẹ́ òjìji ni mo sì fi í sí. Mi ò gé e sí wẹ́wẹ́. Gígé kan, ojú tuntun méjì ni, ojú tuntun méjì náà ló sì lè sán. Ọjọ́ tí mo bá ṣe tán láti gbẹ́ ni mo ń gé, iye tí mo lè gbẹ́ lọ́jọ́ náà nìkan ni mo sì ń gé.

Mùdùnmúdùn igi, ìyẹn ojú kékeré tó wà láàárín gbùngbùn ìtì, ni ọ̀tá tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí walnut dúdú bá kúrò ní tútù tó sì gbẹ títí tí kò sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó máa ń fi ìdá 7.8 nínú 100 súnkì ní ọ̀nà tí òrùka ọdún rẹ̀ gbà yí ká, àmọ́ ìdá 5.5 péré ni ti ọ̀nà tó gba láti mùdùnmúdùn lọ sí èèpo. Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí fún igi tí mùdùnmúdùn ṣì wà nínú rẹ̀: ẹ̀yìn tó yí i ká ń fún un pa ju bí inú ti ń kéré sí i lọ. Ibì kan gbọ́dọ̀ ya. Láti èèpo wọ àárín ni ìlà sísán náà máa ń gbà, ó sì máa ń gún régé. Àtòkèèrè ni mo ti wo igi gogoro yẹn: mo la ìtì sí méjì gba ojú mùdùnmúdùn, lẹ́yìn náà mo tún bó pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ kúrò lára ìlàjì kọ̀ọ̀kan, kí èyíkéyìí nínú àwọn òrùka kéékèèké tó wà nítòsí àárín má bàa bá mi dé inú abọ́. Àwọn pákó tó jáde níbẹ̀ kò ṣòfò, wọ́n gbọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n dára fún ìmú ọ̀bẹ.

Ayùn oníṣéènì ni mo fi là á. Mo fi igi méjì há ìtì náà lábẹ́ kó má bàa yí, mo sì jẹ́ kí ayùn gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní ìbú tẹ̀ lé fọ́nrán, dípò kí n gbé e nàró kí n máa là á láti orí. Tí ayùn bá tẹ̀ lé fọ́nrán báyìí, èérún gígùn gígùn ló ń tú jáde, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú, ó sì máa ń wé mọ́ ibi tí ṣéènì ti ń yí. Ẹ máa dúró kó o kúrò, kí ayùn kú pátápátá kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Gígùn tí mo gé fún abọ́ ńlá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 34, kí n lè rí díẹ̀ gé dànù lẹ́nu méjèèjì bí ó bá ti sán díẹ̀. Mo fi kọ́ńpáàsì ya òbìrí sórí rẹ̀, mo fi bandsaw, ẹ̀rọ ayùn tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yí po, gé igun rẹ̀ dànù. Ẹnu abọ́ ni mo kọ sí ìhà àárín igi, ìdí rẹ̀ sí ìhà èèpo. Tí a bá yí i padà, kí ẹnu kọ sí èèpo, àwòrán tí òrùka ń yà á yàtọ̀, àwọn kan sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ torí wọ́n lè fi èèpo sílẹ̀ létí rẹ̀. Mi ò fẹ́ èèpo létí abọ́ tí wọ́n máa fi jẹun.

Àwọ̀

Ẹni tó bá ti rí walnut gbígbẹ nìkan kò tíì rí walnut. Bí ayùn ti ń kúrò lójú rẹ̀, apá dúdú, ìyẹn ti inú igi, kò dúdú rárá: ó rí bí ewé tó fẹ́ rọ, ó ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, ìlà elésè-àlùkò sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Kí n tó gbá èérún ilẹ̀ tán, ojú ibẹ̀ á ti ṣókùnkùn, á sì máa ṣókùnkùn sí i títí tí yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀ tó ní elésè-àlùkò nínú. Apá funfun tó wà nítòsí èèpo kò yí padà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ọ̀rá wàrà ló ń mú dání. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lagi tà a máa fi ooru omi gbígbóná se pákó walnut kí àwọ̀ apá dúdú lè wọ inú apá funfun, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Ó wúlò fún ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù. Fún abọ́, mo gbà pé ìbàjẹ́ ni: elésè-àlùkò yẹn a máa bá a lọ, ìlà tó wà láàárín funfun àti dúdú sì ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

Omi ara rẹ̀ ń rẹ ọwọ́ láró. Irin sì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Walnut tútù ní èròjà kan tó jẹ́ tannin nínú, bí ó bá sì kan irin, dúdú bí aró ló ń dà, lára igi àti lára irin. Kí n tó tan ẹ̀rọ ni mo ti fi ìda oyin pa irin ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ lathe, bí mo bá sì ti ṣíwọ́, mo nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmì dúdú tó bá wá sórí igi lọ́nà yìí, omi ọsàn wẹ́wẹ́ a máa mú un kúrò bí ó bá ṣì wà lójú. Ẹ fi omi lásán ṣan ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èérún igi náà tún wà níbẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni tó ní ẹṣin. Èérún walnut dúdú nínú koríko tí ẹṣin ń dùbúlẹ̀ lé a máa fa àrùn pátákò tó le fún wọn, kì í sì í gbà ju kó jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bákan náà ni mi ò kó o sí ìdí tòmátì. Juglone tó wà nínú igi yìí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ewéko ṣe dáadáa lẹ́bàá rẹ̀. Inú àpò tèmi lọ́tọ̀ ni mo ń kó o sí.

Ìgbẹ́ àkọ́kọ́

Mo fi síkúrúù mẹ́fà dè irin pẹlẹbẹ mọ́ ojú tí yóò di ẹnu abọ́, mo yí i mọ́ orí ẹ̀rọ, mo sì mú ìdí ẹ̀rọ wá tì í láti ọ̀dọ̀ kejì. Igi tútù tó tóbi báyìí wúwo, kò sì dọ́gba: apá kan rẹ̀ dúdú ó kún fún omi, apá kejì funfun ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ àwa tí ń lo ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀ lé. Ẹ fi ìfẹ̀ igi ní íǹṣì sọ iye ìyípo ìṣẹ́jú kan di púpọ̀. Kí èsì rẹ̀ wà láàárín 6,000 sí 9,000. Íǹṣì 12 ni sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí náà ìyípo 500 sí 750 ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ti igi tó ti rí róbótó. Ìbẹ̀rẹ̀ tèmi kò tó 400, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, kì í ṣe ní iwájú igi. Ìbòjú tó bo gbogbo ojú dé àgbọ̀n ni kí ẹ wọ̀. Gíláàsì ojú nìkan kò tó.

Gouge onírin gígùn, ìyẹn irin ìgbẹ́ tí ojú rẹ̀ tẹ̀ kòtò, ni mo lò, mo pọ́n ọn ní nǹkan bí igun 55. Ní ẹ̀yìn abọ́, láti ìdí lọ sí ẹnu ni mo ń gé; ní inú, láti ẹnu lọ sí àárín ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé báyìí ni fọ́nrán tí irin ń gé fi ń rí fọ́nrán mìíràn lẹ́yìn tó gbé e ró. Ẹni tó bá gbà á lódì á rí i: fọ́nrán á máa ya, ojú igi á sì rí págunpàgun. Ẹ̀yìn ibi tí a ti pọ́n irin ni kó kọ́kọ́ fara kan igi, ẹ wá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú èérún.

Nígbà tó bá bọ́ sí i, èérún tútù ń jáde ní ìlà gígùn tó ń kọjá lórí èjìká, omi sì ń fọ́n jáde láti ara igi. Ìlà omi kan wà lára ògiri ní ọ̀gangan ibi tí abọ́ wà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lára aṣọ mi láti èjìká kan dé èkejì. Àkókò yìí ni mo ń gbádùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, mi ò sì ní purọ́ pé ìgbẹ́ kejì dùn tó o.

Mo yọ ẹsẹ̀ sí ìdí abọ́, ibi tí ẹnu chuck, ohun tó ń di igi mú sórí ẹ̀rọ, yóò gbá mú. Mo jẹ́ kó tóbi ju èyí tí chuck nílò lọ, torí ẹsẹ̀ náà yóò wọ́ bí abọ́ fúnra rẹ̀ ṣe ń wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ara tí mo máa gé kúrò kó lè tún rí róbótó. Lẹ́yìn náà ni mo yí abọ́ padà, mo sì kó inú rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó nípọn tó? Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìfẹ̀ rẹ̀ ni òfin tí a ń lò: sẹ̀ǹtímítà 30, ara tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Kì í ṣe òfin tí wọ́n kàn fi lé wa lọ́wọ́, ìṣirò rẹ̀ wà níbẹ̀. Abọ́ tó gbẹ sínú ilé kò ní gbẹ títí dé òdo. Omi tó máa kù nínú rẹ̀ a máa tó bí ìdá 10 nínú 100. Nítorí náà kì í ṣe odindi ìdá 7.8 ni yóò súnkì, bí ìdá 5 ni. Ẹnu tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 yóò wá jẹ́ bí 28.5 ní ọ̀nà tó dábùú fọ́nrán, yóò sì ṣì jẹ́ 30 ní ọ̀nà tó tẹ̀ lé fọ́nrán, nítorí igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì ní gígùn. Ká ní mo fi ara tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1.5 péré sílẹ̀, inú rẹ̀ ì bá jẹ́ 27. Inú 27 yẹn kò ní kéré ní gígùn fọ́nrán. Ẹ̀yìn 28.5, inú 27: mìlímítà méje àbọ̀ ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí irin tó kan án lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá wá gé e kó dọ́gba, bébà ló kù. Pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 3, inú jẹ́ 24, àyè sì wà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí ìnípọn náà bára dọ́gba láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó bá nípọn ju ẹ̀gbẹ́ lọ á ṣì máa tutù nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ti gbẹ, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni sísán á sì ti bẹ̀rẹ̀. Kálípà, irin ìwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìka ọwọ́ a máa tan èèyàn jẹ nígbà tí igi bá tutù.

Kékeré tó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan yàtọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 18 ni, mo sì gbẹ́ ara rẹ̀ títí dé mìlímítà 5 lójú ẹsẹ̀. Níbí, eré ni a ń sá. Ara tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wọ́ kí a tó kúrò nídìí rẹ̀: tí èèyàn bá fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lọ jẹun kó tó padà wá parí inú, kò ní bá a ní róbótó mọ́. Mo ń wọ́n omi sí i léraléra, mo parí ẹnu ná, lẹ́yìn náà ni mo sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mi ò sì padà sókè mọ́. Nígbà tó gbẹ, kò sán rárá; ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa tẹ̀ dípò kó ya. Ẹnu rẹ̀ ti gùn lápá kan ó sì ti gòkè-gòdò, ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Gbígbẹ

Mo fi ìda kun abọ́ ńlá níbi méjì tí ẹnu fọ́nrán ti ṣí síta, ìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó kọjú sí ara wọn, mo sì kùn ún yí etí rẹ̀ ká. Mi ò kun gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tó bá kun gbogbo ara rẹ̀ á pẹ́ kó tó rí abọ́ gbígbẹ. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ àti ìwúwo rẹ̀ sí ìdí, mo ká a sínú àpò bébà, mo fi sí orí pẹpẹ tí atẹ́gùn kì í fẹ́ sí tààrà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àpò náà rin, mo pààrọ̀ rẹ̀ kí èéhù má bàa mú igi. Àwọn kan ń bò ó mọ́lẹ̀ nínú èérún ara rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé èéhù fẹ́ràn ibẹ̀ jù.

Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ló ń sọ ìgbà tó bá gbẹ, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Gíráàmù 2,400 ni abọ́ ńlá wọ̀n ní ọjọ́ tó kúrò lórí ẹ̀rọ. Nínú walnut dúdú tútù, omi tó wà ní apá dúdú a máa wúwo tó bí ìdá 90 nínú 100 ìwúwo igi náà fúnra rẹ̀ tí kò bá sí omi nínú rẹ̀ rárá. Ti apá funfun bí ìdá 73. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé e lé òṣùwọ̀n, mo ń kọ nọ́ńbà sí abẹ́ èyí tó ṣáájú.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jẹ. Ìwúwo á máa já wálẹ̀ geerege, abọ́ á sì wà ní róbótó bó ṣe wà. Wọ́n á ní walnut kì í wọ́. Omi tó wà nínú ihò fọ́nrán ló ń kọ́kọ́ jáde, ìyẹn kì í mú igi súnkì. Ìgbà tí ihò bá ti ṣófo, tí ó wá kan omi tó wà nínú ara fọ́nrán gan-an, ní bí ìdá 30 nínú 100 sísàlẹ̀, ni igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Fún abọ́ tèmi, ìyẹn jẹ́ bí gíráàmù 1,650. Etí rẹ̀ ti ṣáájú díẹ̀, torí etí ló ń yára gbẹ jù, àmọ́ láti ibẹ̀ lọ ni kálípà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́: ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tó dábùú fọ́nrán ń kéré, ìkejì wà níbi tó wà. Àsìkò yìí gan-an ni kí ẹ má gbé e súnmọ́ ooru tàbí fáànù. Bí ó bá máa sán, àkókò rẹ̀ nìyí.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, nọ́ńbà dúró sí 1,420, ó sì wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Gíráàmù 980 ló ti lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi líta omi kan láti inú abọ́ kan ṣoṣo. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ 28.6 ní ìbú fọ́nrán, 29.9 ní gígùn. Tí mo bá gbé e lé orí tábìlì, ó ń mì.

Ìgbẹ́ kejì

Ẹsẹ̀ ni àkọ́kọ́, nítorí chuck kò lè di ohun tó rí bí ẹyin mú dáadáa. Mo fi igi róbótó kan sórí ẹ̀rọ, mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, mo sì gbé inú abọ́ lé e bí ìgbà tí a bá dé fìlà. Mo wá mú ìdí ẹ̀rọ wá kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ wọ inú ojú ihò kékeré tí mo ti fi sí àárín ẹsẹ̀ láti ìgbẹ́ àkọ́kọ́. Ihò yẹn ṣe pàtàkì o. Láìsí i, èèyàn á máa méfò ibi tí àárín wà. Mo gé ẹsẹ̀ náà títí tó fi rí róbótó, mo sì gé ẹ̀yìn abọ́ pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó yọ síta nìkan ni irin ń kàn, ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Nígbà tí ìró yẹn bá di ọ̀kan tó ń lọ gbọọrọ, abọ́ ti rí róbótó nìyẹn. Má fi irin náà tì í ní gbogbo àkókò yìí. Jẹ́ kí ibi gíga wá bá irin.

Walnut gbígbẹ yàtọ̀ sí èyí tó tutù pátápátá. Eruku ló ń ru, eruku náà sì ń yún awọ ara ó sì ń ta imú, nítorí náà ìbòmú wà ní imú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú abọ́ ni mo gbẹ́ ní ìpele ìpele: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta láti ẹnu, mo parí ìyẹn dé mìlímítà 9, kí n tó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí ni pé tí inú bá ti ṣófo, etí á máa gbọ̀n, tí irin bá sì padà débẹ̀, á ya àmì sí i. Kí n tó gé gígé ìkẹyìn, mo tún irin pọ́n. Irin tó mú dáadáa ń gba èèyàn lọ́wọ́ sáńpépà púpọ̀.

Sáńpépà: 120, 180, 240, 320. Mi ò lọ sí 400 lórí walnut tí mo máa fi òróró kùn, mi ò rí ìyàtọ̀. Ohun tó nílò ìṣọ́ra ni eruku dúdú tó ń wọ inú ihò apá funfun, tó ń sọ ọ́ di eléèérí. Mo ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ kúrò láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, apá funfun ni mo sì ń fi ọwọ́ yùn kẹ́yìn, pẹ̀lú sáńpépà tí kò tíì kan apá dúdú. Mo kó inú ẹsẹ̀ díẹ̀ kó lè jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ni yóò fi dúró. Tí igi bá tún sún díẹ̀ sí i, kò ní mì.

Òróró

Òróró èso walnut ni mo fi kun kékeré. Ó jẹ́ òróró tó ń gbẹ, ó ń di líle nínú igi bí ọjọ́ ti ń lọ, kò dà bí òróró tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì tó jẹ́ pé tútù ló máa wà títí. Abọ́ ńlá ń lọ sí ilé tí ara ẹnìkan kò gba èso walnut níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀mí ṣeré, nítorí náà òróró linseed tútù ni mo lò fún un, èyí tí wọn kò fi kẹ́míkà tí ń mú un yára gbẹ kún. Ó lọ́ra, ó gba sùúrù. Mo fi aṣọ kùn ún, mo jẹ́ kó mu fún bí ogún ìṣẹ́jú, mo nu èyí tó kù lójú rẹ̀ kúrò, mo tún kùn ún lẹ́yìn tó gbẹ.

Aṣọ tí a fi nu òróró yìí, ẹ má ká a jọ sọ sínú garawa ìdọ̀tí. Bó ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, ooru tí kò bá sì rí ọ̀nà jáde nínú aṣọ tó ká jọ lè dáná sun ilé láìsí ẹni tó ṣáná. Mo na tèmi sórí okùn níta títí tó fi gan gbagidi.

Ẹni tó gba abọ́ ńlá béèrè bóyá yóò dúdú sí i. Igi púpọ̀ ń dúdú bí wọ́n ti ń dàgbà. Walnut dúdú ní tirẹ̀, pípọ́n ni ó ń pọ́n: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án lójoojúmọ́, àwọ̀ rẹ̀ á máa fúyẹ́ sí i, á máa lọ sí àwọ̀ oyin. Mo ní kó má gbé e sójú fèrèsé bí ó bá fẹ́ kó wà bó ṣe wà, kó má sì rẹ ẹ́ sínú omi.

Abọ́ tó ti ibi ẹ̀ka méjì wá ṣì wà nínú àpò bébà. Fọ́nrán tó wọnú ara wọn níbẹ̀ ti ya àwòrán bí ìyẹ́ ẹyẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́nrán tí kò kọjú sí ibì kan náà kò lè súnkì sí ibì kan náà. Ó ti sán díẹ̀ níbi tí èèpo ti há sáàárín ẹ̀ka méjèèjì. Mo da súpà gúlù tó ń ṣàn bí omi sínú rẹ̀ kó tó gbòòrò, mo sì pa ìlà pẹ́ńsùlù sí òpin sísán náà láti mọ̀ bóyá ó ń lọ. Kò tíì kọjá ìlà. Ìwúwo rẹ̀ ṣì ń já, gíráàmù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀. Tí ó bá dúró, màá fi lẹ́búlẹ́bú walnut àti gúlù dí ihò èèpo yẹn. Dúdú kirikiri ló máa rí, mi ò sì ní gbìyànjú láti fi í pamọ́. Ìdí abọ́ náà ni mi ò tíì pinnu lé lórí: bóyá kí n fi í sílẹ̀ ní mìlímítà 12 dípò 9, nítorí àwòrán yẹn kò ní fẹ́ kí irin wọlé jù.